Ṣé Chevelle 1972 Lè Gbé Tọ́bò Lójú Pópó Iléṣà?

Ìbéèrè: “Bàbá mi gbé ọkọ̀ Chevrolet Chevelle Malibu ọdún 1972 bọ̀ láti Amẹ́ríkà. Ẹ́ńjìnnì 350 (lítà 5.7) onísílíńdà mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀, jíà rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀tọ́mátíìkì. Ọkọ̀ náà ṣì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò lágbára tó bí mo ṣe rò. Mo fẹ́ fi tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú ẹ́ńjìnnì, sí i, kí n máa wà á lọ sí Ifẹ̀ àti Àkúrẹ́ ní òpin ọ̀sẹ̀, kí n sì máa wà á nínú ìgboro Iléṣà. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n kọ́kọ́ pààrọ̀ písítìn sí èyí tó máa túbọ̀ fún afẹ́fẹ́ pọ̀. Mẹkáníìkì mi ti rí tọ́bò tòkunbọ̀ kan tí wọ́n tú lára tírélà. Ṣé kí n rà á? Agbára wo ni kí n máa retí, kí sì ni kí n kọ́kọ́ ṣe?”

Ìdáhùn: Ọkọ̀ yín lè gbé tọ́bò, ó sì lè máa gbé yín lọ gbé yín bọ̀ láìdá yín dúró lójú ọ̀nà, bí ẹ bá gbà pé ìfúnpá tí tọ́bò máa fi kún un kò ní ju 6 tàbí 7 psi (ìwọ̀n ìfúnpá, irú èyí tí a fi ń wọn afẹ́fẹ́ táyà) lọ. Ẹ má gba ìmọ̀ràn ọ̀rẹ́ yín lórí písítìn, ẹ má sì tíì sanwó tọ́bò tírélà yẹn. Ìdí kan ṣoṣo ni mo ní fún gbogbo èyí, òun náà ni ohun tí mo máa kọ síhìn-ín dá lé lórí látòkè délẹ̀: ooru. Agbára kò ṣòroó rí nínú ẹ́ńjìnnì tó tóbi tó lítà 5.7. Ooru tó ń bá agbára náà rìn ló ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́, pàápàá ní ìlú tí afẹ́fẹ́ ọ̀sán ti lè gbóná tó 32°C kó tó dé ẹnu fíítà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ́ńjìnnì tí ẹ ní lọ́wọ́, nítorí ó jọ pé wọn kò tíì sọ bó ti dára tó fún yín. Nígbà tí Pontiac gbé GTO jáde ní 1964, tí àwọn iléeṣẹ́ yòókù sì sáré tẹ̀ lé e, àwọn ẹ́ńjìnnì alágbára ìgbà náà máa ń fún epo àti afẹ́fẹ́ pọ̀ ní ìlọ́po 10 tàbí 11 kí iná pọ́ọ̀gì tó kàn án, epo tí wọ́n po òjé mọ́ ló sì jẹ́ kí èyí ṣeé ṣe. Nígbà tó kan àwọn ọkọ̀ ọdún 1971, General Motors dín ìfúnpọ̀ yìí kù kí àwọn ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lè máa lo epo tí kò ní òjé nínú. Ní 1972 ẹ̀wẹ̀, wọ́n yí bí wọ́n ṣe ń ka agbára ẹṣin padà: wọ́n wá ń wọn ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú fíítà, sàlẹ́ńsà àti gbogbo ohun tó máa gbé nínú ọkọ̀, nítorí náà iye tí wọ́n kọ sínú ìwé já wálẹ̀ gidigidi. Láti ìgbà náà ni àwọn èèyàn ti ń sọ pé ẹ́ńjìnnì ọdún wọ̀nyẹn ti kú. Ìfúnpọ̀ 350 ti yín jẹ́ 8.5 sí 1. Fún ẹni tó ń fẹ́ ọkọ̀ aré tí kò ní tọ́bò, èyí kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n fún ẹni tó fẹ́ lo tọ́bò, ibi tó yẹ kó wà gan-an ló wà. Písítìn tí ọ̀rẹ́ yín ń sọ máa gba àǹfààní yìí mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ ó sì tún sanwó fún un.

Oldsmobile ti gba ọ̀nà tí ọ̀rẹ́ yín ń júwe yìí rí. Ní 1962, wọ́n fi tọ́bò sí ẹ́ńjìnnì tí ìfúnpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 10.25 sí 1 nínú ọkọ̀ kan tí wọ́n pè ní Jetfire, ó sì di dandan kí wọ́n máa fọ́n omi tí wọ́n pò mọ́ mẹ́tánọ́ọ̀lù sínú afẹ́fẹ́ tó ń wọlé, kí ooru má baà mú kí epo gbiná kí àsìkò rẹ̀ tó tó. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ra ọkọ̀ náà ni kì í rántí bu omi yìí kún un. Wọ́n dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró ní 1963, wọ́n sì tú tọ́bò kúrò lára púpọ̀ nínú àwọn tó ti wà níta, wọ́n fi kabúrétọ̀ lásán rọ́pò rẹ̀. Ẹ wá wo Buick Grand National àti GNX ti 1987: ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́fà, lítà 3.8, ìfúnpọ̀ 8 sí 1, pẹ̀lú intercooler tó ń tu afẹ́fẹ́ lára kó tó wọ inú sílíńdà. Ọkọ̀ wọ̀nyẹn yára débi pé wọ́n ń ba àwọn onísílíńdà mẹ́jọ lẹ́rù. Ẹ̀yin ti ní ìfúnpọ̀ tó sún mọ́ ti Buick, kí ẹ lọ fi intercooler kún un ló kù.

Ohun tí tọ́bò ń ṣe kò ṣòroó yé. Èéfín gbígbóná tó ń jáde látinú ẹ́ńjìnnì ń yí abẹ̀bẹ̀ kan, abẹ̀bẹ̀ kejì wà lórí ọ̀pá kan náà, òun ló ń fa afẹ́fẹ́ ìta wọlé, tó ń fún un pọ̀, tó sì ń tì í sínú ẹ́ńjìnnì. Ọ̀pá náà lè yí ju ìgbà 100,000 lọ láàrin ìṣẹ́jú kan. Bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ tí a bá fún pọ̀ gbọ́dọ̀ gbóná. Bí afẹ́fẹ́ 32°C bá wọ tọ́bò tó dára, tí a sì fi 7 psi kún un, ó máa jáde ní 80°C ó lé díẹ̀. Bí ẹ bá gbé e dé 12 psi, á kọjá 110°C. Intercooler tó gbà dáadáa, tí afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ sí lára, lè dá ti àkọ́kọ́ padà sí nǹkan bí 45°C sí 50°C, ṣùgbọ́n èkejì á ṣì gbóná ju bó ti yẹ lọ, pàápàá bí ẹ bá ń gun òkè díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn tírélà kan ní Èrìn-Òkè. Ìdí nìyí tí mo fi fẹnu kò sí 7 psi. Ní ìwọ̀n yẹn, ẹ lè máa retí agbára ẹṣin bíi 250, èyí tó fi nǹkan bí ìdajì ju ohun tó ń ṣe lónìí lọ.

Epo tí a ń rà ló mú kí n rinkinkin mọ́ ìwọ̀n yìí. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó ní ọkọ̀ tọ́bò lè kọjá sí pọ́ǹpù tí wọ́n ti ń ta epo tó túbọ̀ lè fara da ìfúnpọ̀. Ní ilé epo wa níhìn-ín, oríṣi bẹntiróòlù kan ṣoṣo ló sábà máa ń wà, òun náà ni Corolla àti Okada ń mu. Bí kẹrosínì bá ti kàn án, yálà látinú táńkì tàbí látinú kẹ́ẹ̀gì àwọn tó ń tà lẹ́bàá ọ̀nà, agbára ìfaradà rẹ̀ tún já wálẹ̀ púpọ̀. Ẹ yan ilé epo kan tí ọjà rẹ̀ ń tà kíákíá, kí ẹ dúró tì í, kí ẹ má sì jẹ́ kí epo kẹ́ẹ̀gì kan ọkọ̀ yìí láéláé.

Bí sílíńdà bá gbóná ju bí epo ṣe lè fara dà á lọ, epo tó kù ní ẹ̀gbẹ́ kan kì í dúró de iná pọ́ọ̀gì mọ́, yóò bú gbàmù fúnra rẹ̀ nígbà tí písítìn ṣì wà lókè. Nínú ọkọ̀ tí kò ní tọ́bò, ẹ máa ń gbọ́ ọ bí ìgbà tí èèyàn ń mi òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo, ẹ ó sì lè gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù. Nínú èyí tó ní tọ́bò, ariwo ẹgísọ́ọ̀sì lè bo ìró náà mọ́lẹ̀, ohun tó sì ń ṣe yóò yára ju etí yín lọ: á fọ́ ẹ̀gbẹ́ písítìn níbi tí ríǹgì àkọ́kọ́ jókòó sí, tàbí kó jó tópù gáskẹ́ẹ̀tì láàrin sílíńdà méjì. Ibi tí ẹ ti máa rí àmì rẹ̀ ṣáájú ni pọ́ọ̀gì. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti wà á tọ́bò sì ti ṣiṣẹ́, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ tú pọ́ọ̀gì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lẹ́yìn tó bá tutù, kí ẹ tò wọ́n ní títẹ̀lé sílíńdà wọn, kí ẹ sì fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wo tánganran funfun tó yí irin àárín wọn ká. Bí ẹ bá rí àwọn tóótòòtó dúdú tàbí ti fàdákà tó ń dán, tí wọ́n kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ, alumíníọ̀mù ara písítìn yín ni ẹ ń wò yẹn. Ẹ má tún fi tọ́bò sáré mọ́ títí tí ẹ ó fi dín táímìn (iye dígírì tí iná pọ́ọ̀gì fi ń ṣáájú kí písítìn tó dé òkè) kù, tí ẹ ó sì mọ ohun tó fà á. Pọ́ọ̀gì tí ẹ máa lò pẹ̀lú tọ́bò gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó tutù ju ti ilé-iṣẹ́ lọ ní ìpele kan tàbí méjì, kí àlàfo ẹnu rẹ̀ sì wà ní nǹkan bí 0.7 mm, torí ìfúnpá máa ń fẹ́ iná tí àlàfo rẹ̀ bá fẹ̀ jù pa.

Níbi tí epo ti ń wọlé, mo dá yín nímọ̀ràn pé kí ẹ gbé kabúrétọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ lo injector mẹ́jọ (ẹnu kékeré tó ń fọ́n epo) pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tó ṣeé tún tò, irú Holley Terminator X tàbí MegaSquirt. Àwọn kan ṣì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tọ́bò gba inú kabúrétọ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún wọn, ṣùgbọ́n wọ́n mọ kabúrétọ̀ ní àmọ̀dunjú, epo tí wọ́n ń lò kì í sì í yí padà. Ọkọ̀ yín á máa kúrò nínú ọyẹ́ wọ inú òjò, epo àná kò ní rí bákan náà pẹ̀lú ti òní, kọ̀ǹpútà tó ń wọn ooru afẹ́fẹ́ nígbà gbogbo ló lè bá irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ rìn. Injector tó lè tú epo pọ́ùn 42 láàrin wákàtí kan (42 lb/h) tó fún iṣẹ́ yìí, ó sì ṣẹ́kù díẹ̀. Pọ́ǹpù onílítà 255 láàrin wákàtí kan, tí ó wà nínú táńkì kí epo lè máa tù ú lára, náà tó. Kí ẹ fa páìpù tí epo máa gbà padà sí táńkì, kí ẹ sì so rẹ́gúlétọ̀ epo mọ́ ìfúnpá tọ́bò, kí ìfúnpá epo lè máa gòkè bí ti afẹ́fẹ́ bá ṣe ń gòkè.

Bẹntiróòlù ìwọ̀n kan nílò afẹ́fẹ́ ìwọ̀n 14.7 láti jó tán. Nígbà tí tọ́bò bá ń tì, ẹ jẹ́ kó wà ní nǹkan bí 11.5, nítorí epo àlékún yẹn ló ń tu inú sílíńdà lára. Ẹ kò lè fi ojú tàbí imú mọ èyí: ẹ ra sẹ́ńsọ̀ wideband, tó ń wọn ìwọ̀n afẹ́fẹ́ sí epo láti inú èéfín, kí ẹ gbé ojú rẹ̀ sí ibi tí awakọ̀ á ti máa rí i. Ní ti táímìn, 350 tí kò ní tọ́bò máa ń fẹ́ràn dígírì 32 sí 34 lápapọ̀. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà máa ń yọ dígírì kan kúrò fún psi kọ̀ọ̀kan, èyí tó máa mú yín dé nǹkan bí 25 sí 27. Pẹ̀lú epo wa, mo fẹ́ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 20, kí ẹ máa fi ẹyọ kan kún un, kí ẹ sì máa wo pọ́ọ̀gì lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ tí ẹ fi dígírì mẹ́ta dù ní agbára á ṣì gbé yín délé. Contact set tó wà nínú dìsìtíríbútọ̀ 1972 kò tó gbẹ́kẹ̀ lé fún iṣẹ́ yìí, ẹ fi èyí tó ń lo iná ẹlẹ́tíróníìkì rọ́pò rẹ̀.

Tọ́bò tírélà tí mẹkáníìkì yín rí wá kàn báyìí. Mo mọ ìdí tó fi wù ú: ó wà nílẹ̀, ó lágbára, iye rẹ̀ kò sì tó ti tuntun. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ńlá tí kì í yí kọjá ìgbà 2,000 láàrin ìṣẹ́jú kan púpọ̀ ni wọ́n ṣe é fún, ìfúnpá tó ju 20 psi ni wọ́n sì retí pé kó máa ṣiṣẹ́ lé lórí. Ní 7 psi tí ẹ̀yin ń fẹ́, kò sí níbi tó ti mọ iṣẹ́ ṣe, afẹ́fẹ́ rẹ̀ á gbóná ju bó ti yẹ lọ, á sì pẹ́ kó tó jí. Èéfín ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù tún máa ń gbóná ju ti dísẹ́ẹ̀lì lọ, ó lè kọjá 900°C, ọ̀pọ̀ tọ́bò dísẹ́ẹ̀lì ni kò sì ní ojú omi tó ń tu béárìn rẹ̀ lára. Ẹ ronú nípa bí ẹ ṣe máa wá láti Ìwáràjà pẹ̀lú eré, tí ẹ ó sì bá gó-sílóò ní ẹ̀bá ọjà Àtákúmọ̀sà. Tọ́bò tí omi ń yí po béárìn rẹ̀ á tutù díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀, òmíràn á jó óìlì inú rẹ̀ di èédú.

Ẹyọ kan ṣoṣo tó ń lo omi tó fún yín, irú Garrett GT3582R tàbí èyí tó sún mọ́ ọn. Tọ́bò méjì dára lójú, ṣùgbọ́n páìpù á di ìlọ́po méjì, ooru abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì náà á sì pọ̀ sí i. Bí tòkunbọ̀ bá jẹ́ dandan fún yín, ẹ di orí ọ̀pá náà mú kí ẹ mì í. Bí ẹ bá fà á síwá sẹ́yìn tó sì mì, ẹ fi í sílẹ̀. Bó bá ń mì díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìyẹn kò burú, bí abẹ̀bẹ̀ kò bá ṣáà kan ara ilé rẹ̀. Kí ẹ ti ìka bọ ẹnu rẹ̀ méjèèjì, bóyá óìlì wà níbẹ̀. Wastegate, fáàfù tó ń jẹ́ kí èéfín yà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ tọ́bò, ni kí ẹ má ṣe ṣahun lé lórí: èyí tó dá dúró lọ́tọ̀, tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ 38 mm tàbí 44 mm, tí sípíríìn inú rẹ̀ sì jẹ́ ti 6 psi. Sípíríìn yẹn ló ń pinnu ibi tí ìfúnpá ti máa dúró, bí gbogbo ẹ̀rọ ìdarí mìíràn bá tilẹ̀ kùnà.

Óìlì tó wọ tọ́bò gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde fúnra rẹ̀. Páìpù tó ń gbé e wọlé lè tẹ́ẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n èyí tó ń dá a padà gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó 16 mm nínú, kó dà sísàlẹ̀ láìṣẹ́ kọ́ọ́rọ́, kó sì wọ páànù óìlì lókè ibi tí óìlì dé. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, óìlì á dúró nínú tọ́bò, á sì gba inú sàlẹ́ńsà jáde bí èéfín búlúù. Kámúṣáfùtì inú ẹ́ńjìnnì yín jẹ́ irú ti àtijọ́, èyí tí irin rẹ̀ ń fara gbo irin láìní rólà, ó sì nílò óìlì tí síńkì rẹ̀ pọ̀. Óìlì 15W-40 tí wọ́n ṣe fún dísẹ́ẹ̀lì sábà máa ń ní in ju ti àwọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun lọ, kò sì wọ́n ní Iléṣà. Ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ kó tó pé 5,000 km.

Písítìn ilé-iṣẹ́ yín jẹ́ èyí tí wọ́n dà, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi agbára tẹ̀. Ó lè gba 7 psi bí epo àti táímìn bá pé, ṣùgbọ́n kò ní dárí àṣìṣe jì yín. Nítorí náà, bí ẹ́ńjìnnì bá ṣì le, ẹ má tú u. Bó bá jẹ́ pé ẹ máa tú u fún ìdí mìíràn, ìgbà náà ni kí ẹ ra èyí tí wọ́n tẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ìfúnpọ̀ rẹ̀ wà láàrin 8.5 sí 9. Ohun kan wà tí àwọn tó ń to ẹ́ńjìnnì níhìn-ín máa ń fojú fò: àlàfo ẹnu ríǹgì. Ooru tọ́bò máa ń mú kí ríǹgì gùn sí i, bí ẹnu rẹ̀ méjèèjì bá sì pàdé, kò sí ibi tí ríǹgì á gbà mọ́ ju pé kó ya ògiri sílíńdà tàbí kó ṣẹ́ písítìn. Fún sílíńdà yín tó fẹ̀ tó ínṣì 4, ẹ jẹ́ kí àlàfo ríǹgì òkè wà ní nǹkan bí 0.022 ínṣì, èyí tó jẹ́ 0.56 mm. Kí ẹ fi ríǹgì sínú sílíńdà tirẹ̀, kí ẹ fi orí písítìn tì í kó dúró gbọọrọ, kí ẹ fi filà géèjì (irin pẹlẹbẹ tí a fi ń wọn àlàfo) wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì fi fáìlì yọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ láti ẹnu ẹ̀gbẹ́ kan. Iṣẹ́ tó ń gba sùúrù ni, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ríǹgì inú páálí ti tó gẹ́gẹ́ bó ṣe wà.

Rédíétọ̀ ni kí ẹ náwó lé lórí kí ẹ tó náwó lórí tọ́bò, nítorí intercooler á wà níwájú rẹ̀, afẹ́fẹ́ tó ti gbóná ló sì máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Alumíníọ̀mù onípele méjì tó nípọn, pẹ̀lú ìbòrí tó so fáànù mọ́ ọn kí afẹ́fẹ́ má baà yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ni mo fara mọ́. Àwọn mẹkáníìkì wa fẹ́ràn láti máa yọ tẹmósítáàtì dànù, wọ́n ní ooru ilẹ̀ wa kò jẹ́ kó wúlò. Ẹ má gbà fún wọn. Bí kò bá sí tẹmósítáàtì, ẹ́ńjìnnì á máa tutù jù lójú ọ̀nà Òṣú, kọ̀ǹpútà á rò pé kò tíì móoru, á máa da epo sí i, epo náà á sì máa fọ óìlì kúrò lára sílíńdà, síbẹ̀ ó ṣì máa hó nígbà tí ẹ bá dúró ní Làgéré tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́. Èyí tó ń ṣí ní 82°C ni kí ẹ lò. Ìdérí rédíétọ̀ oní-15 psi tó ṣì le máa ń gbé ìwọ̀n tí omi fi ń hó láti 100°C lọ sí nǹkan bí 120°C, nítorí náà ìdérí tí rọ́bà rẹ̀ ti gbó lè mú kí ọkọ̀ tí kò ní àbùkù kankan máa hó. Kí ẹ lo kúláǹtì, kì í ṣe omi kànga lásán, torí ìpẹtà inú páìpù tóóró náà ń dí ọ̀nà fún ooru.

Ìwọ̀nba ni ohun tí mo máa sọ nípa abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ẹ má fojú kéré rẹ̀. Kí ẹ fi asọ tí kì í jóná wé páìpù èéfín, kí ẹ fi irin pẹlẹbẹ ya tọ́bò sọ́tọ̀ kúrò lára wáyà, páìpù bíréèkì àti sítátà, èyí tó sún mọ́ ẹgísọ́ọ̀sì ọ̀tún tímọ́tímọ́ nínú 350. Bíréèkì búsítà ń lo òfìfo afẹ́fẹ́ tó ń wá láti máníífóòlù. Bí tọ́bò bá ń tì, ìfúnpá ló máa wà níbẹ̀ dípò òfìfo, nítorí náà fáàfù tó ń gba afẹ́fẹ́ lápá kan ṣoṣo gbọ́dọ̀ wà lójú páìpù rẹ̀, kó sì jẹ́ tuntun. Bákan náà ni ti páìpù tó ń fa èéfín jáde nínú ilé ẹ́ńjìnnì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ tọ́bò á máa fẹ́ óìlì jáde lára gbogbo síìlì.

Bíréèkì náà jẹ́ ọ̀rọ̀ ooru. Ọkọ̀ yín wúwo tó 1,500 kg ó lé, bí eré rẹ̀ bá sì di ìlọ́po méjì, láti 60 lọ sí 120 km/h, ooru tí bíréèkì gbọ́dọ̀ gbà kó tó dúró á di ìlọ́po mẹ́rin. Bí iwájú ọkọ̀ bá ṣì ń lo dírọ́ọ̀mù, ìsọ̀kalẹ̀ láti òkè Èrìn-Òkè nìkan tó láti mú kí ẹsẹ̀ yín tẹ bíréèkì tí kò ní dá a dúró. Díìsì níwájú jẹ́ dandan kí tọ́bò tó wọlé, mo ń sọ èyí láìfi ọ̀rọ̀ kankan pamọ́. Omi bíréèkì tó ti pẹ́ ti fa omi mọ́ra, á sì máa hó, ẹ dà á nù kí ẹ rọ tuntun. Ẹ má fi táyà tòkunbọ̀ sí i: nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú àwọn tó tẹ̀ lé lẹ́tà DOT lára táyà ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é, 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ní ọdún 2019. Kí ẹ wo bùsìn gbogbo tó di àkísù ẹ̀yìn mú, torí rọ́bà 1972 ti di òkúta.

Jíà ọ̀tọ́mátíìkì onípele mẹ́ta tó wà níbẹ̀ lè gba agbára 300 bí wọ́n bá tún un ṣe dáadáa, tí ẹ sì fún un ní rédíétọ̀ óìlì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ní ti dífírénṣà, ẹ ka bóòtù tó di ìdérí ẹ̀yìn rẹ̀: èyí tó ní 12 lágbára ju èyí tó ní 10 lọ, ṣùgbọ́n 10 á ṣì gbé yín lọ bí ẹ kì í bá fi táyà jóná lójú títì.

Bí ọkọ̀ bá ti wà lójú ọ̀nà, ẹ jẹ́ kí omi àti óìlì móoru tán kí ẹ tó tẹ tọ́tù débi tí tọ́bò á ti ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá dé ibi tí ẹ ń lọ, ẹ rọra wà á ní kìlómítà tó gbẹ̀yìn, kí ẹ sì jẹ́ kó dúró láìpa fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Tọ́bò kì í gbé agbára rẹ̀ wá ní ìwọ̀n kan náà bí ẹ bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́: ó ń dúró, lẹ́yìn náà ló dé lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá dé nígbà tí ẹ wà láàrin kọ́nà tí òjò ti rọ̀ sí, tí pupa ilẹ̀ sì ti ṣàn sójú ọ̀dà, ìdí ọkọ̀ á fò jáde. Ní kọ́nà, ẹ fọwọ́ mú tọ́tù kan ṣoṣo, kí ẹ má fi kún un títí tí ọkọ̀ á fi nà gbọọrọ. Àkókò ọyẹ́ náà ní ewu tirẹ̀, torí eruku ń jẹ etí abẹ̀bẹ̀ tọ́bò: fíítà tó wà nínú àpótí, tó ń fa afẹ́fẹ́ láti iwájú ọkọ̀, ló yẹ yín, kì í ṣe èyí tó wà ní gbangba lẹ́bàá ẹgísọ́ọ̀sì. FRSC fi òpin eré sí 50 km/h nínú ìgboro àti 100 km/h fún ọkọ̀ àdáni ní ọ̀nà márosẹ̀, agbára tí ẹ fi kún un wà fún kíkọjá tírélà ní àlàáfíà àti gígun òkè. Bí ẹ bá sì fi ẹ́ńjìnnì mìíràn rọ́pò èyí lọ́jọ́ iwájú, ẹ lọ yí nọ́ńbà rẹ̀ padà nínú ìwé ọkọ̀.

Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ ṣe kò gba owó púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì móoru, ẹ tú pọ́ọ̀gì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ẹ yọ wáyà iná kúrò, kí ẹnì kan tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀ tán nígbà tí sítátà bá ń yí i, kí ẹ sì fi géèjì wọn ìfúnpọ̀ sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Ó yẹ kí ẹ rí iye tó sún mọ́ 150 psi, kí ìyàtọ̀ láàrin èyí tó ga jù àti èyí tó kéré jù má sì kọjá 20. Bí kan bá já wálẹ̀, ẹ da óìlì ṣíbí kan sínú rẹ̀ kí ẹ tún wọ̀n ọ́n: bó bá gòkè, ríǹgì ló ti jẹ, bí kò bá gòkè, fáàfù tàbí tópù gáskẹ́ẹ̀tì ni. Ẹ́ńjìnnì tó bá yege lè lọ tààrà sórí rédíétọ̀ àti bíréèkì, lẹ́yìn náà injector àti kọ̀ǹpútà, kí ẹ wà á fún oṣù mélòó kan láìsí tọ́bò títí tí wọ́n á fi pé, kí ẹ tó wá so tọ́bò mọ́ ọn. Èyí tí kò bá yege, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ tọ́nà tó ní irin ìwọ̀n tó péye, kí ẹ sì fi owó tọ́bò tírélà yẹn tún un ṣe.